Ilẹ̀ Kan, Àwòrán Méjì

Lọ́jọ́ tí àwòrán abẹ́ ilẹ̀ kọ́kọ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà Adétáyọ̀, bí ó ṣe ń yan kiri inú yàrá rẹ̀ ní Gagi, bí àkùkọ bá rí i, á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Olùkọ́ kékeré ni ní yunifásítì kan ní ìlú Sókótó, ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ, òun fúnra rẹ̀ sì ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé kan tó ti ń sá fún un láti ìgbà tí irun ṣì pé lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi gba oyè náà ni kí kọ̀ǹpútà ya ohun tó wà lábẹ́ ìlú Sókótó síta, ìpele lórí ìpele, kí ènìyàn lè máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Yangí pupa ló wà lókè pátápátá. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì, ló tẹ̀ lé e. Lábẹ́ ẹfun ni amọ̀ dúdú kan wà tó ki, tí kì í fẹ́ kí omi gba òun kọjá. Lábẹ́ amọ̀ ni yanrìn tó ti dì di òkúta, tí omi kún inú rẹ̀. Òkun ló kó púpọ̀ nínú wọn jọ síbẹ̀, láyé ìgbà tí òkun ṣì ń dé Sókótó, tí kò sì tíì sí ẹni tí yóò ta ilẹ̀ etíkun kan fún ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí Adétáyọ̀ kì í sábà sọ ni pé kànga ẹ̀rọ tí òun rí ìròyìn wọn gbà ní gbogbo ìlú kò ju méje lọ. Ní ojú ibi méje yìí, ó mọ ohun tí àwọn agbẹ́kànga bá pàdé bí wọ́n ti ń lọ sísàlẹ̀. Ní gbogbo ibi tó kù, kọ̀ǹpútà ló ń fojú inú wò ó, tí ó ń na ìpele kọ̀ọ̀kan láti ibi tí a mọ̀ dé ibi tí a mọ̀, bí télọ̀ tí aṣọ kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi àjákù lẹ àárín. Ṣùgbọ́n àwọ̀ àwòrán náà dùn-ún wò. Ẹni tó bá rí i kì í rántí bèèrè ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

Onílé rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Alhaja Kúlúsúmù, ọmọ Ìlọrin, ló ni ilé tí Adétáyọ̀ ń gbé, òun náà ló sì ni ilé búrẹ́dì tó wà níwájú ilé náà. Ó wọlé wá pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná kan lórí àwo, ó bá ayálégbé rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà.

“Dókítà,” ni ó wí. Láti ọjọ́ tí Adétáyọ̀ ti kó dé ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Yunifásítì nìkan ni kò tíì gbọ́. “Kéèkì ta ni èyí?”

“Abẹ́ ilẹ̀ Sókótó ni, Alhaja.”

“Ó jọ kéèkì. Ibo ni tèmi níbẹ̀?”

Adétáyọ̀ yí àwòrán náà, ó wá Gagi rí, ó sì fi àmì sí ojú ibi tí ilé búrẹ́dì wà. Níbẹ̀ gan-an, amọ̀ dúdú náà fẹ́lẹ́, ó sì lu ní ibì kan bí ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó ní gìgísẹ̀. Ọ̀gangan ihò yìí bọ́ sí àárín ilé búrẹ́dì àti ọgbà Bàbá Gbádéyan, aládùúgbò rẹ̀.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a sọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Alhaja fi ń fa omi kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ po ìyẹ̀fun. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Bàbá Gbádéyan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti wa tírélà títí tí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú ọgbà tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta píọ̀ wọ́tà. Oṣù náà kò tíì parí tí kànga Alhaja fi gbẹ, tí aláǹgbá fi kó sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwọn mai ruwa, àwọn Hausa tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri àdúgbò, ni Alhaja ti ń ra omi. Ó fura sí Gbádéyan, àmọ́ ìfura kò ṣeé fi po ìyẹ̀fun.

“Kí ló lu amọ̀ yẹn?” ni Alhaja bèèrè.

Ìdáhùn tòótọ́ ni pé kò sí ẹni tó mọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn kànga méje náà tó sún mọ́ Gagi. Kọ̀ǹpútà ló ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì náà ń gbóná, wọ́n ti fi bọ́tà pa á, Alhaja sì dúró bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu ẹni ńlá.

“Ó ṣeé ṣe kí omi inú òkúta ẹfun máa gba ibẹ̀ jò lọ sísàlẹ̀,” ni Adétáyọ̀ wí, ó sì ń jẹun.

“Kànga tèmi, inú èwo ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí?”

“Inú òkúta ẹfun ni, Alhaja.”

“Ti Gbádéyan ńkọ́?”

“Tiwọn gba inú amọ̀ kọjá, ó wọ inú yanrìn.”

Alhaja Kúlúsúmù fi àwo sílẹ̀. Ó wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, orí rẹ̀ ń mì wọ́nwọ́n. “Mo gbọ́,” ni ó wí. “Gbádéyan ti ki páìpù bọ abẹ́ mi.”

Adétáyọ̀ wú ikọ́. Ó ní bóyá kí Alhaja má sọ ọ́ báyẹn níta.

Báyẹn gan-an ló sọ ọ́ níta. Kí wọ́n tó kí ìrun ọ̀sán, gbogbo ẹni tó wá ra búrẹ́dì ti gbọ́ pé Bàbá Gbádéyan ki páìpù bọ abẹ́ Alhaja, àti pé kọ̀ǹpútà yunifásítì ló rí i. Àwọn kan tẹ́tí gbọ́ àlàyé títí dé ibi òkúta àti amọ̀. Ọ̀pọ̀ kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gba tiwọn lọ. Ìyàwó Bàbá Gbádéyan, tó ti lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ ọkọ rẹ̀ láago láti ọ̀hún, ó ní kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, Alhaja ní kí wọ́n tẹ àwòrán náà sára bánà, ó fi kọ́ sí ara ògiri ilé búrẹ́dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán òun fúnra rẹ̀ ní Mẹ́kà. Àwọn oníbàárà Hausa a máa dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á ní, “Kai, Hajiya, wannan cake ɗin ya yi kyau,” pé kéèkì náà mà dára o, wọ́n á sì bèèrè ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Bàbá Gbádéyan kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń nà tí kò ní gbé ọwọ́. Àgùnbánirọ̀ kan wà tó wọ̀ sí ilé rẹ̀, Faith Ọlábíyìí, ọmọ Ọ̀fà, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ òkúta àti ilẹ̀ kan náà ni Faith kà ní yunifásítì nílé, ṣùgbọ́n ìjọba rán an wá sí Sókótó kí ó wá máa kọ́ni ní Ẹ̀kọ́ Ìwà Ọmọlúàbí.

“Ìwọ náà, ṣe tìrẹ,” ni Bàbá Gbádéyan wí fún un. “Bí Alhaja bá ní dókítà, èmi ní ìjọba àpapọ̀.”

Faith lọ bá Adétáyọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó sì tọrọ ìròyìn àwọn kànga méje náà. Inú Adétáyọ̀ dùn débi pé kò bèèrè ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó rò pé ọmọ náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó tilẹ̀ fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ètò orí kọ̀ǹpútà náà hàn án, ó tún fún un ní ìmọ̀ràn nípa ìgbésí ayé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bánà kejì jáde lára ògiri ọgbà Bàbá Gbádéyan. Ètò kan náà ni, kànga méje kan náà, ìlú kan náà. Bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá àbá láàárín kànga kan sí òmíràn nìkan ni Faith yí padà, amọ̀ abẹ́ Gagi sì ki bí mátírẹ́ẹ̀sì ìyàwó tuntun. Kò sí ihò kankan níbẹ̀ tí eèrà lè gbà, kí á má tíì sọ omi.

Báyìí ni Gagi ṣe di ibi tó ní abẹ́ méjì. Ẹni tó ń ra búrẹ́dì gba ti Alhaja gbọ́. Ẹni tó ń mu píọ̀ wọ́tà gba ti Bàbá Gbádéyan. Ẹni tó ń fi omi mu búrẹ́dì dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Adétáyọ̀ jókòó ní ọ́fíìsì, inú ń bí i sí Faith, ó sì pinnu láti fi ẹ̀rí kan tí kò ní àríyànjiyàn gbè tirẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ètò náà ní ibì kan tí ènìyàn ti lè tú omi sínú àwòrán, kí ó sì wo bí omi náà yóò ṣe máa rìn láti ìpele dé ìpele àti iye àkókò tí yóò gbà á. Ó tú omi sínú òkúta ẹfun lábẹ́ kànga Alhaja. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn bí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ Jímọ̀. Adétáyọ̀ lọ jẹ tùwó, ó padà dé, omi kò tíì dé ibi ihò. Nígbà tó fi máa dé inú yanrìn tí Bàbá Gbádéyan ti ń fa omi, kọ̀ǹpútà ti ka nǹkan bí ogójì ọdún.

Pẹ̀lú ihò náà o. Pẹ̀lú ihò tí òun fúnra rẹ̀ yà.

Adétáyọ̀ pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì lọ sílé. Alhaja ti gbé búrẹ́dì sílẹ̀ dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ní, “Dókítà mi, wọ́n ti pè wá o. Alhaji Tàjúdíìn ní kí gbogbo wa wá ní ọjọ́ Àìkú. Ọwọ́ rẹ ni mo wà.” Adétáyọ̀ ní kò sí ìyọnu. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán, àmọ́ kò mọ adùn rẹ̀.

Alhaji Tàjúdíìn ni olórí àwọn Yorùbá ní gbogbo agbègbè wọn. Télọ̀ ni kí ó tó darúgbó, ìbínú àwọn tí aṣọ ọdún wọn kò tíì parí ló kọ́ ọ ní béèyàn ṣe ń parí ìjà. Pálọ̀ rẹ̀ ní Gidan Igwai kún lọ́jọ́ náà. Ooru mú bí inú ààrò. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì fi awò ojú rẹ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó tún padà wo ti àkọ́kọ́, bí ẹni tí wọ́n fi ìyàwó méjì lọ̀.

“Èwo ni òótọ́ níbẹ̀?” ni ó bèèrè.

“Àbá ni, sà,” ni Faith dáhùn. “Kọ̀ǹpútà ń dá àbá lórí ìwọ̀nba tí a bá sọ fún un.”

“Ṣé ẹnì kankan nínú ẹ̀yin méjèèjì ti dé abẹ́ ibẹ̀ rí?”

Wọ́n ní rárá.

“Tò,” ni Alhaji Tàjúdíìn wí. “Ó dà bí ìgbà tí èèyàn méjì ń jà lórí àwọ̀ pátá ìyá ọba. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.”

Alhaja Kúlúsúmù sọ tirẹ̀, kò sì fi páìpù àti abẹ́ pamọ́. Bàbá Gbádéyan fèsì pé òun kò ki nǹkan kan bọ abẹ́ ẹnikẹ́ni, pé ilẹ̀ òun ni òun gbẹ́, àti pé bí ó bá jẹ́ kí ènìyàn fẹ̀sùn kan aládùúgbò nítorí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni, kí wọ́n kúkú lọ mú àwọn òkú. Nígbà náà ni Faith yíjú sí Adétáyọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a tú omi sínú tiyín, kí bàbá wò ó.”

Adétáyọ̀ ní bátìrì kọ̀ǹpútà òun kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Faith ní òun gbé okùn iná wá. Adétáyọ̀ ní yóò pẹ́. Alhaji Tàjúdíìn ní àwọn kò níbì kankan tí àwọn ń lọ. Bí Adétáyọ̀ ti ń gbé ọwọ́ lọ sí ibi tí yóò tẹ̀, ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ti Alhaja, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín sí i bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀bùn níwájú kíláàsì. Ẹ̀rín náà ta á lọ́kàn. Ó fa ọwọ́ padà.

“Mo ti tú u,” ni ó wí. “Mo ti wò ó tẹ́lẹ̀. Ogójì ọdún ni. Kódà pẹ̀lú ihò tó wà nínú tèmi, omi Alhaja kò lè dé ọ̀dọ̀ Bàbá Gbádéyan kí ogójì ọdún tó pé.”

Bàbá Gbádéyan dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní kí Ọlọ́run bù kún ìmọ̀ ìwé, òun ń lọ sílé. Alhaja kò wò ó. Adétáyọ̀ ló ń wò, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ṣé o ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, o wá ń jẹ búrẹ́dì mi?”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Mo ń bínú. A ó sọ ìyẹn nílé.” Ó yíjú sí gbogbo wọn. “Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi. Oṣù tí Gbádéyan gbẹ́ tirẹ̀ ni tèmi gbẹ. Kì í ṣe ogójì ọdún. Òṣùpá kan kò lé kó wọ̀. Bí kò bá gba inú amọ̀ yín, bí kò bá gba inú ihò yín, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, níbo ni omi mi gbà lọ?”

Láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Adétáyọ̀ ro kànga Alhaja tí kò ro oyè rẹ̀ mọ́ ọn. Ó tẹjú mọ́ àwòrán méjèèjì. Amọ̀ fẹ́lẹ́ nínú ọ̀kan, ó ki nínú èkejì, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn. Kò sí kànga Bàbá Gbádéyan níbẹ̀. Òkúta nìkan ni wọ́n yà. Ihò tí ọmọ aráyé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó rántí fi sí i. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ibi kan náà ni Faith ń wò.

“Bàbá,” ni Adétáyọ̀ wí fún Gbádéyan, tí ó ti dé ẹnu ọ̀nà, “nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga yín, páìpù wo ni wọ́n fi sínú rẹ̀?”

“Páìpù ni páìpù. Olójú wẹẹrẹ yẹn, tí omi ń gbà wọlé.”

“Láti ìsàlẹ̀ dé òkè?”

“Òun ló kù nínú ọkọ̀ wọn.”

“Kí ni wọ́n wá fi dí ẹ̀gbẹ́ páìpù náà níbi tí amọ̀ wà?” ni Faith bèèrè. “Sìmẹ́ńtì?”

Bàbá Gbádéyan dúró. Ó ní àwọn agbẹ́kànga náà fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí i lóòótọ́, wọ́n ní kí òun fún un láyè kí ó gbẹ. Òun ni òun ní kí wọ́n má dá òun dúró, torí ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ọ̀rá ti dé, àwọn oníbàárà sì ti ń retí. Òkúta wẹẹrẹ ni wọ́n dà sí i títí dókè. “Kí ló dé?” ni ó bèèrè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ lu amọ̀ náà,” ni Faith wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Omi inú ẹfun ń gba ojú páìpù wọlé lókè, ó ń já sísàlẹ̀. Kò nílò kó dúró de ogójì ọdún.”

Alhaji Tàjúdíìn ní òun kò fẹ́ àbá mọ́, ojú òun ni òun fẹ́ kí ó rí i. Wọ́n kó sínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù, ó di Gagi. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà Bàbá Gbádéyan, Alhaji ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì ṣí ìdérí kànga náà. Gbogbo wọn yí i ká. Lẹ́yìn náà ni olórí àwọn Yorùbá bọ́ fìlà, ó ká agbádá sí èjìká, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré, ó sì gbé etí lé ẹnu páìpù. Ìdí rẹ̀ wà lókè ju orí rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, nítorí ó pẹ́ níbẹ̀.

“Ó ń já,” ni ó wí. “Wallahi, omi ń já nínú ibí yìí bí ìgbà tí ọkùnrin ń tọ̀ sínú páànù.”

Alhaja Kúlúsúmù kúnlẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ìró náà jìn, kò sì dáwọ́ dúró. Ó ti múra èébú sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èébú tó dára, tí yóò dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí yóò sì padà. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń gbọ́ omi rẹ̀ níbẹ̀, tí ó ń já lọ nínú òkùnkùn, ńṣe ni omi bọ́ lójú òun náà. Ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó fún Gbádéyan láyè.

Bàbá Gbádéyan ló pẹ́ jù nílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, ó nílò ẹni méjì láti gbé e dìde.

“N kò mọ̀, Alhaja,” ni ó wí.

“Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀,” ni Alhaja dáhùn. “Ta ló bá yín du ìmọ̀? Omi mi ni mo ní kí ẹ dá padà.”

Ìdájọ́ Alhaji Tàjúdíìn kò gùn. Ó ní kí Gbádéyan pe àwọn agbẹ́kànga padà kí wọ́n wá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, kí rọ́bà omi sì gba orí ògiri bọ́ sí ilé búrẹ́dì títí tí kànga Alhaja yóò fi sunwọ̀n. Ó ní kí wọ́n já bánà méjèèjì sílẹ̀. Ti Alhaja ni wọ́n fi bo igi ìdáná nígbà òjò. Ti Bàbá Gbádéyan, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ dé ibi òkúta ẹfun kí wọ́n tó rántí rẹ̀.

Àwọn agbẹ́kànga dé. Wọ́n ti páìpù kan tí kò lójú, tó sì kéré, bọ inú ti àtijọ́, wọ́n da sìmẹ́ńtì sí àárín wọn níbi tí ẹfun àti amọ̀ wà, wọ́n sì jókòó tì í títí tó fi gbẹ. Bàbá Gbádéyan gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kò pariwo. Omi kò padà sínú kànga Alhaja lọ́jọ́ kejì bí àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń retí. Òjò ní láti rọ̀ kí òkúta tó mu yó. Ìgbà tí àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Wamakko ni garawa tí wọ́n sọ sínú kànga tó kó omi bọ̀, aláǹgbá sì kó jáde láì sí ẹni tó lé e.

Ní ti Adétáyọ̀, Alhaja kò lé e, àmọ́ búrẹ́dì àná ló ń fún un fún ìgbà pípẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Táyọ̀. Ó mú ìyà náà mọ́ra. Ó tún àwòrán rẹ̀ yà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú Faith, tó ní òun yóò ràn án lọ́wọ́ bí orúkọ òun bá máa ṣáájú nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ jáde. Wọ́n fi kànga Bàbá Gbádéyan àti ohun tí àwọn agbẹ́kànga sọ nípa rẹ̀ kún un. Faith ló dá a lábàá pé gbogbo ibi tí kọ̀ǹpútà kò ti ní ìdí láti sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ láì kùn ún. Ìgbà tí wọ́n ṣe é tán, ìwọ̀nba àmì àwọ̀ ló fọ́n káàkiri nínú àlàfo. Ọ̀gá Adétáyọ̀ ní yunifásítì yí i wò, ó ní ó jọ awọ màlúù. Adétáyọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ibi tí a mọ̀ kò ju ibi tó ní àwọ̀ lọ. Ọ̀gá náà kò gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ẹni tó ń wá oyè, ó ní kí ó lọ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé.

Ìyọnu kan ṣoṣo ló kù, ti Bàbá Gbádéyan ni. Láti ìgbà tí sìmẹ́ńtì ti dí ọ̀nà omi òkè, omi ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń fà, omi ìsàlẹ̀ náà sì ń rùn bí irin. Kò pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pọ́n nínú ọ̀rá, ó sì ń dà bí ẹni pé èèyàn lá ìṣó. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ dùn jù, kí ló fi sínú rẹ̀ nígbà yẹn tó yọ kúrò báyìí?

Ó ti mọ ohun tó yọ kúrò. Ó fara dà á títí di ìgbà tí ìyàwó rẹ̀, tó ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, kọ̀ láti mu ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wẹ̀, ó wọ bùbá tó mọ́, ó gba ìta kọjá lọ sí ilé búrẹ́dì, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ooru ààrò ti ń fẹ́ lu èèyàn. Alhaja Kúlúsúmù wà nídìí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọ inú ìyẹ̀fun dé ìgúnpá.

“Ẹ kúuṣẹ́ o, Alhaja.”

“Ooo, Bàbá Gbádéyan. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni.” Ó wo òkè, ó wo ààrò, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Kànga yín yẹn, mo gbọ́ pé omi rẹ̀ ti padà dáadáa.”

“Alhamdulillahi.”

“Mo ní bóyá… bí ó bá ju èyí tí ẹ ń lò lọ… mo lè máa rà nínú rẹ̀.”

Àwọn tó ń gé ìyẹ̀fun dáwọ́ dúró. Alhaja kò gbójú sókè. Ó yí ìyẹ̀fun náà padà, ó gbá a mọ́ tábìlì, ó tún yí i padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìgúnpá tọ́ka sí àpótí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ẹ jókòó,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n pò ó tán.”